Bí Owó Iná Ilé Ṣe Lè Fúyẹ́ Lọ́rùn Mẹ̀kúnnù àti Àwọn Arúgbó

Àwọn àgbà a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti pawọ́ pọ̀ gbé ẹrù kan, ẹrù náà kì í ṣubú. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ nǹkan kan nípa igi tí ń jó lábẹ́ ìkòkò, nítorí pé ní ayé àwọn tí ó pa á, igi kì í ṣe ìṣòro. Lóde òní, ààrò wà, ìkòkò sì wà, ohun tí ń jó lábẹ́ ìkòkò ni ó di ọ̀wọ́n. Ó ti wọ́n dé ibi pé àwọn arúgbó kan wà tí wọ́n ń dáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ náà ní tútù ní alẹ́, kì í ṣe nítorí pé oúnjẹ kò sí, bí kò ṣe nítorí pé owó tí wọn yóò fi gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì ni kò sí. Ẹ̀yin òǹwòran, ọ̀rọ̀ owó iná nínú ilé mẹ̀kúnnù àti ti àwọn arúgbó ni ètò yìí yóò gbé yẹ̀ wò: ohun tí ó mú kí ó wọ́n, ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i fúnra rẹ̀, àti ohun tí agbára ẹnì kan ṣoṣo kò ká, tí ó jẹ́ iṣẹ́ àdúgbò àti ti ìjọba.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bèèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ iná lò ń wá ní ìlú tí iná mànàmáná kì í pé lójú. Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, iná, ni Yorùbá fi ń pe èyí tí ń se ọbẹ̀, èyí tí ń tàn nínú yàrá, àti èyí tí ń yí fáànù. Ọgbọ́n wà nínú èyí, nítorí pé inú àpò kan náà ni owó gbogbo wọn ti ń jáde. Ilé tí kò rí iná mànàmáná lò fún ọjọ́ mẹ́ta kò tíì bọ́ lọ́wọ́ owó iná. Èédú, kẹrosíìnì, gáàsì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là àti bẹntiróòlù inú jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa rà dípò rẹ̀. Àìsí iná kì í ṣe ìfowópamọ́. Ìnáwó tí ó gba ọ̀nà mìíràn ni.

Ní ayé àtijọ́, iná ìdáná kì í ṣe ohun tí à ń fi owó rà. Oko ni igi ti ń wá, ẹni tí ó bá sì lọ sí oko ní òwúrọ̀ kì í padà wálé láìru ìtí igi kan bọ̀. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń ṣẹ́gi fún àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé oko mọ́. Bí alẹ́ bá lẹ́, fìtílà elépo ni wọ́n ń tàn, kí kẹrosíìnì tó dé, kí láńtà sì tó gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Ìjọba dá àjọ ECN sílẹ̀ ní ọdún 1950 láti máa bójú tó o. Ní ọdún 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ń tọ́jú àwọn ìsédò Odò Ọya, àjọ tuntun náà sì di NEPA. NEPA di PHCN ní ọdún 2005, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń gun òkè. Ní ọdún 2020, wọ́n pín àwọn oníbàárà sí ìpele márùn-ún, láti A títí dé E. Ìpele A ni ti àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lójúmọ́, ìpele E sì ni ti àwọn tí wákàtí mẹ́rin jẹ́ tiwọn. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn ará ìpele A fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà; láàárín ọdún náà ni ó rọ̀ díẹ̀ sí nǹkan bí 209 náírà. Ní ti bẹntiróòlù, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti dópin. Lítà kan tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Gáàsì ìdáná náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2024 kan náà, kílò kan rẹ̀ kọjá 1,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún náà jẹ́ 70,000 náírà. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà tí owó wọn kò dé ibẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀, aláró, amọ̀kòkò àti ìyá tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ pàtẹ lójà kò tilẹ̀ ní owó ìfẹ̀yìntì kankan.

Ohun kan wà tí ó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, owó tí tálákà ń san lórí iná a sábà máa ju ti olówó lọ. Ẹni tí ó lágbára a ra gáàsì kílò méjìlá ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbé e kalẹ̀. Ẹni tí kò lágbára a ra kẹrosíìnì ní ìgò kan, èédú ní ọ̀rá kékeré kan, àbẹ́là ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó pín ọjà náà sí wẹ́wẹ́ ní láti jẹ èrè tirẹ̀. Nítorí náà, bí ọjà ṣe ń kéré sí i ni owó orí rẹ̀ ń ga sí i. Èyí nìkan kọ́. Ààrò olókùúta mẹ́ta tí atẹ́gùn ń fẹ́ yí ká kì í mú ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ooru igi wọ inú ìkòkò. Ìyókù a bá èéfín lọ. Gáàsì, ní tirẹ̀, a mú ìdajì ooru rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dé inú ìkòkò. Ẹni tí kò ní owó láti ra ohun tí ń ṣọ́ owó lò ni owó ń jò lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Nítorí náà, kì í ṣe àpà ni ó ń dààmú arúgbó. Àìní ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ń san owó ẹlòmíràn mọ́ ti ara rẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ìnáwó yìí fi lè dín kù kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ ni ó gbà. Omi tí ó bá ti ń hó ti dé òpin ooru rẹ̀. Orí 100 ni yóò wà lójú òṣùwọ̀n Celsius bí a bá tilẹ̀ kó gbogbo igi inú oko sábẹ́ rẹ̀. Iná tí a bá kó tì í lẹ́yìn tí ó ti hó kò mú kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Omi ni ó ń sọ di oru. Bí ìkòkò bá ti hó, kí a dín iná rẹ̀ kù, kí a sì dé ìkòkò náà dáadáa. Kí a rẹ ẹ̀wà sínú omi láti àṣálẹ́, kí ó tó di òwúrọ̀ yóò ti fa omi mu, àkókò tí yóò lò lórí iná yóò sì dín kù púpọ̀. Iṣu tí a gé kéékèèké a tètè jinná ju èyí tí a sè ní odindi lọ. Igi tútù kò yẹ ní ìdáná, nítorí pé omi inú rẹ̀ ni iná yóò kọ́kọ́ gbẹ kí ó tó ráyè kan ìkòkò. Kí a to igi sí ibi tí òjò kò ti lè pa á kí àkókò òjò tó wọlé. Bí a bá fi amọ̀ mọ ìhà mẹ́ta ààrò náà yí ká, kí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ṣẹ́ kù fún igi, atẹ́gùn kò ní gbé ooru lọ mọ́.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ti ń kọ́ni láti ìgbà pípẹ́. Wọn a mú agbọ̀n tàbí páálí ńlá kan, wọn a tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí àkísà mímọ́ sí inú rẹ̀ nípọn. Bí ìrẹsì bá ti hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí iná, wọn a gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú agbọ̀n yìí, wọn a sì fi aṣọ nínípọn bò ó mọ́lẹ̀. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde ni yóò máa se ìrẹsì náà títí yóò fi jinná, láìsí igi, láìsí gáàsì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wà tàbí ẹran, kí a jẹ́ kí ó hó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó wọ inú agbọ̀n, kí a sì tún gbé e kaná kí ó hó kí a tó jẹ ẹ́. Ní ti omi ìwẹ̀ àgbà tí kò fẹ́ omi tútù, oòrùn ilẹ̀ wa tó o yá lọ́nà: garawa dúdú tí a bò lójú, tí a gbé sí ojú oòrùn láti àárọ̀, yóò ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀nà kejì gba owó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà a máa padà wá. Ìṣirò ni yóò fi èyí hàn. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 60 wáàtì, bí a bá tàn án fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 9 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED tí ó jẹ́ 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, yóò jẹ yúníìtì 1.35 ní iye àkókò kan náà. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká ka yúníìtì kan sí 200 náírà: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1,800 náírà, èkejì sì jẹ́ 270 náírà. Nínú ilé tí ó ní gílóòbù mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 4,590 náírà lóṣù kan. Owó oúnjẹ ni fún arúgbó. Ohun tí ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé gílóòbù àtijọ́ kì í sọ iná rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀ bí kò ṣe díẹ̀; ooru ni ó ń sọ ìyókù dà, èyí tí ó tún ń fi kún ooru inú yàrá.

Ìlànà tí ó wà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju èyí lọ: ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú nǹkan gbóná ni ó ń jẹ iná jù. Fáànù tí ó jẹ́ 60 wáàtì, bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, kò jẹ tó ìdajì yúníìtì kan. Sítóòfù oníná tí ó jẹ́ 1,000 wáàtì yóò jẹ odindi yúníìtì kan láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ máa pa fáànù arúgbó nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn nítorí àtiṣọ́ owó lò, kí ó sì wá gbàgbé áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù. Kí a lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí omi tí a bù sínú kẹ́tù má ju ìwọ̀n tí a fẹ́ mu lọ. Bí fíríìjì bá wà, kí a fi bébà há ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí a sì fà á wò; bí bébà náà bá jáde wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu ọ̀nà náà ti gbó, òtútù ń sá jáde, owó sì ń bá a lọ.

Ẹ̀wẹ̀, ilé fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, àjà amọ̀ tí ó wà lókè yàrá, àti òrùlé ewé tàbí koríko ni àwọn baba ńlá fi ń lé ooru sẹ́yìn. Igi ọdán tí ó wà níwájú ààfin àti láàárín ọjà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé ìtura tí kò gba owó ni. Nígbà tí páànù dé, ó mú òjò kúrò, kò sì jóná bí ewé, ṣùgbọ́n ó mú oòrùn wọlé. Àwọn tí ó kàwé náà kò fi ọgbọ́n àtijọ́ yìí ṣeré. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, Max Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ìlú Òyìnbó, ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ ní ìbú ni wọ́n yà, kí atẹ́gùn lè gba fèrèsé kan wọlé kí ó sì gba òdìkejì jáde, pẹ̀lú ògiri oníhò tí ń dènà oòrùn ṣùgbọ́n tí kò dènà atẹ́gùn. Ní ọdún 1956, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tí ó ní ọ̀rinrin. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì gbó. Àjà lábẹ́ páànù, ọ̀dà funfun lórí rẹ̀, fèrèsé méjì tí ó kọjú sí ara wọn pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti igi kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé: bí àwọn ọmọ bá ṣe mẹ́rin yìí fún òbí wọn, wọ́n ti ra ìtura tí mítà kò lè kà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó ni kò gbé inú ilé tiwọn. Inú ilé oníyàrá fojú-kojú ni wọ́n wà, níbi tí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń lo mítà kan ṣoṣo. Níhìn-ín ni ìrẹ́jẹ tí kò ní ariwo máa ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá mú ilé oníyàrá mẹ́fà tí owó iná rẹ̀ jẹ́ 48,000 náírà lóṣù fi ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n sì pín in dọ́gbadọ́gba, yàrá kọ̀ọ̀kan yóò san 8,000 náírà. Bàbá arúgbó tí ó wà ní yàrá ìkẹyìn ní gílóòbù LED méjì àti fáànù kan. Gílóòbù rẹ̀ méjèèjì, ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yóò jẹ yúníìtì 2.7, fáànù rẹ̀, ní wákàtí mẹ́jọ, yóò jẹ yúníìtì 14.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.1, owó rẹ̀, ní 200 náírà, jẹ́ 3,420 náírà. 4,580 náírà tí ó kù jẹ́ owó fíríìsà àti sítóòfù àwọn ará ilé yòókù. Kò sí ẹni tí ó jí owó rẹ̀. Ìpín ni kò tọ́. Bí ó bá sì jẹ́ onítìjú ènìyàn, kò ní sọ̀rọ̀, yóò kàn máa pa gílóòbù rẹ̀, yóò jókòó sínú òkùnkùn, owó tí yóò san kò sì ní dín kù. Ó yẹ kí onílé àti àwọn ayálégbé jókòó, kí wọ́n kọ ohun èlò inú yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì pín owó ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Tàbí kí wọ́n fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àánú kọ́ ni èyí, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni.

Àwọn kan kò tilẹ̀ ní mítà rárá. Ìwé owó àfojúdá ni wọ́n ń mú wá fún wọn. Nínú oṣù kejì ọdún 2020, àjọ NERC tí ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná pàṣẹ pé owó àfojúdá kò gbọdọ̀ kọjá òdiwọ̀n kan. Arúgbó tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà kò lè mọ̀ pé òfin yìí wà. Ọmọ ilé-ìwé gíga kan tí ó bá bá a kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní àdúgbò rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú dé ọ́fíìsì àjọ tí ń ṣe àkóso iná níbẹ̀ bí wọn kò bá dáhùn, ti ṣe ju ẹni tí ó fún un ní ẹgbẹ̀rún náírà lọ.

Ó tọ́ kí a kìlọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọ̀nà kan wà tí ó jọ ìfowópamọ́ tí ó sì jẹ́ ikú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àdògán eléèédú wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn. Èédú tí ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ṣeé fojú rí, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó bá fà á símú lójú oorun lè má jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fífa wáyà gba ẹ̀yìn mítà kọjá jẹ́ olè jíjà, ó sì lè sun ilé. Kẹrosíìnì tí wọ́n lú pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù ti sun ọ̀pọ̀ ìdílé. Èyí tí ó bá pọ̀ jù ní òórùn bẹntiróòlù, kí a má ṣe bù ú sínú sítóòfù rárá. Kí a má sì ṣe fi ọ̀rá dáná, nítorí èéfín rẹ̀. Èéfín igi lásán pàápàá kò kéré ní ìpalára: ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2020, ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 ni afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin inú ilé pa káàkiri ayé. Nítorí náà, ìyá àgbà tí ń fi igi dáná yẹ kí ó máa ṣe é ní gbangba, tàbí níbi tí èéfín ti lè rí ọ̀nà jáde.

Ó ku ohun tí agbára ẹnì kan kò ká. Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń dá owó pọ̀. Àjọ àti èésú wà kí báńkì tó dé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì wà ní gbogbo ìlú. Bí arúgbó mẹ́wàá bá ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ẹnì kan lára wọn yóò máa kó owó tí ó tó ra sílíńdà gáàsì kékeré, tàbí àtùpà olóòrùn kan, títí yóò fi kárí. Bí wọ́n bá jọ ra èédú ní àpò, tí wọ́n sì pín in láàárín ara wọn, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọ̀rá kékeré. Ẹgbẹ́ inú ìjọ àti inú mọ́ṣáláṣí lè ṣe bákan náà.

Ní ti ìjọba, àpẹẹrẹ kò wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni ètò kan ti wà tí ń fi owó ìjọba tún ilé àwọn tálákà ṣe, kí ooru má baà máa sá jáde nínú rẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1997 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó iná ìgbà òtútù fún àwọn àgbà. Òtútù ni wọ́n ń bá jà ní tiwọn, ṣùgbọ́n èrò náà ṣeé mú lò. Ní ọdún 2006, ìjọba Kúbà pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ó sì pín ìkòkò ìdáná oníná fún àwọn ìdílé. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024, iná gbogbo ilẹ̀ Kúbà kú pátápátá, nítorí pé àwọn ibùdó tí ń pèsè iná ti gbó, epo sì wọ́n. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ni: ṣíṣọ́ iná lò dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò pípèsè iná.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, nínú ètò owó iná tí NERC gbé jáde ní ọdún 2012, ìpele kan wà fún ilé tí kò lò ju yúníìtì 50 lọ lóṣù; náírà mẹ́rin ni owó yúníìtì kan fún wọn. Èrò náà dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní mítà tirẹ̀ kò lè fi hàn pé òun kò lò ju 50 lọ, yàrá mẹ́fà tí ó sì wà lórí mítà kan yóò kọjá 50 bí ó ti wù kí arúgbó inú wọn ṣọ́ra tó. Ètò ìpele A dé E náà kò wo ojú ẹni. Iye wákàtí tí wáyà àdúgbò ń mú iná wá ni ó ń wò. Opó arúgbó tí ilé rẹ̀ bá wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú àwọn olówó, iye tí olówó ń san ni yóò san. Òfin iná ọdún 2023 ti wá fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àṣẹ láti ṣe àkóso iná tiwọn, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà ní ọdún 2024. Àwọn ìpínlẹ̀ kò lè máa nàka sí Àbújá nìkan mọ́. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn aláìní tí ó ti pé ọdún 65 ní ọdún 2011. Ètò náà dáwọ́ dúró nígbà tí ìjọba yí padà, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti mọ arúgbó tí ó jẹ́ aláìní, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ìrànwọ́ sì dé ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ tí a lè fi pín owó ni a lè fi pín mítà ọ̀fẹ́, gílóòbù LED àti sílíńdà kékeré.

Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ kò kéré nínú èyí. Kíkà mítà, ìsọdipúpọ̀ wáàtì pẹ̀lú wákàtí, ìdí tí omi híhó kì í fi gbóná kọjá 100: iṣẹ́ kíláàsì ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí lórí pátákó, tí ó sì lọ ṣe é nínú ilé bàbá rẹ̀ àgbà ní ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Kí ó fi ọ̀wọ̀ ṣe é, nítorí pé àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé máa ka iye gílóòbù òun bí ẹni ń ṣọ́ olè. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè, kí ó sì gbọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ìṣọ́-nǹkan-lò ni ó wà lọ́dọ̀ àgbà náà kí ilé-ìwé tó dé.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn tí ó ṣẹ́gi, tí ó fẹ́ná, tí ó fara da èéfín kí àwọn ọmọ lè jẹun kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé, ni wọ́n ń fi oúnjẹ tútù sùn lónìí. Dídín owó iná wọn kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ gílóòbù àti ìdérí ìkòkò nìkan. Gbèsè ni, ó sì ti tó àkókò tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí san án.